Téèpù Ló Tú Àṣírí

Ẹ má wò mí bíi pé ẹnu mi lọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Téèpù ló sọ ọ́. Ìnáwó ń bọ̀ nílé àna Bàbá Tẹ́lọ̀, ó fẹ́ rán ṣòkòtò tuntun fún àkọ́bí rẹ̀ tó ti yunifásítì dé, ó ní kí ọmọ wá dúró. Òwú ni èmi wá rà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Òwú funfun, ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwú ẹyọ kan lè gba èèyàn tó wákàtí kan bí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀. Bàbá fa téèpù yí ìbàdí ọmọ ká, ó wò ó, ó tú u, ó tún un fà. Ó wá ṣí ìwé ńlá tó máa ń kọ ìwọ̀n gbogbo wa sí (tèmi wà níbẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ rí i láé). Ohun tó kọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni 32. Ohun tí téèpù sọ lọ́jọ́ náà ni 28.

"Ṣé o tiẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Bàbá."

Bàbá ò fèsì. Ó gbé téèpù lọ sí èjìká. "Sọ èjìká ẹ sílẹ̀." Ọmọ ní òun ti sọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́! Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rí i pé èjìká ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bó ṣe gbọ́wọ́ kúrò, èjìká tún padà sókè. Ìgbà yẹn ni tẹ́lọ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ẹni tó ti ń wọn ara èèyàn láti ayé ìgbà tí Ọbásanjọ́ ṣì ń wọ aṣọ ológun ṣèjọba, kì í ṣe ẹni tá a ń purọ́ ara fún. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé Ìyá Onírẹsì lóyún, kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Ọkọ ń bá tẹ́lọ̀ yodì nítorí ẹ̀ títí dòní, àmọ́ ìyẹn di ìtàn ọjọ́ mìíràn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́. N ò mọ ẹni tó sọ fún wọn.

Ẹ wá wo dókítà lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Ìjọ ní ayé ló ń ṣe é, pé òun ti rí i lójú ìran láti oṣù Kẹta, òun kàn ń gbàdúrà sí i lábẹ́lẹ̀ ni. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù ní igbó ni; lójú tiẹ̀, ọmọkùnrin tó bá ti ki nǹkan bọ etí tó sì ń mi orí, igbó ló ń mu. Ìyá Alákàrà ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Wọ́n fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà ní ìkòríta. Ẹni yẹn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò yẹ ìtọ̀ wò, ó ní màléríà àti táífọ́ọ̀dì ni. Ó di oògùn aláwọ̀ mẹ́rin sínú ọ̀rá, ó sì gún ọmọ lábẹ́rẹ́ kan lé e. Màléríà àti táífọ́ọ̀dì! Bí ìyá ọkọ ẹ bá bú ẹ lónìí, táífọ́ọ̀dì ni kẹ́míìsì yẹn máa pè é.

Nínú gbogbo ariwo yìí, kò sẹ́ni tó bi ọmọ pé kí ló ń ṣe ọ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá Tẹ́lọ̀, tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Wọn ò ní kó ṣàlàyé kankan. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí i, wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ mi lọ síbi tó ti ń ṣe ọ́." Ọmọ gbé ọwọ́ náà lé àtàrí. Ó ní ibẹ̀ ń gbóná, ó ń ṣe òun bíi pé eèrà ń rìn nínú ẹ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sí àyà, ó ní ó máa ń lù kìkìkì lóru. Ó gbé e dé ikùn, ó ní nǹkan ń lọ́ òun níbẹ̀ tí òun bá ti ń sún mọ́ ọgbà iléèwé. Ó ní tóun bá ṣíwèé, lẹ́tà á máa fò; òun á ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní wọlé. Ìyá Àgbà ò sọ ju "ẹ̀n-ẹ́n" lọ. Bí mo ṣe gbọ́ gbogbo ìyẹn? Mo gbé àgbo wá fún wọn ni. Àgbo ò ṣeé sáré gbé.

Mo ní àbúrò kan tó ṣe nọ́ọ̀sì àwọn aláìsàn ọpọlọ títí ó fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn kì í ṣòfófó rárá, ìrẹsì ọ̀fadà ni mo máa ń fi fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo ro ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún un. Kò jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí dàgbà ju bàbá ọmọ náà lọ." Ó ní dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta níbí, nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orí gbígbóná, ohun tó ń rìn lórí, ojú tó ń ṣú, ìwé tí kò wọlé. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é. Prince kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 1960, ọdún tá a gba òmìnira. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi orúkọ náà sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń to àìsàn ọpọlọ sí ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ nígbà tí wọ́n tún ìwé ṣe ní 2013. Wọ́n yọ orúkọ. Wọn ò wá yọ eèrà kúrò lórí ọmọ Bàbá Tẹ́lọ̀.

Ojú tí Prince fi wò ó ni pé irú ẹ̀kọ́ tí òyìnbó gbé wá ló wúwo jù fún wọn. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Àwa tí à ń ka odù sórí láti ilẹ̀ wá? Àbúrò mi ní Morakinyo, dókítà ọpọlọ ní Ifẹ̀, tú u wò lọ́nà mìíràn ní 1980: ìbẹ̀rù, àìsùn, àti àwọn nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ láti lé oorun lọ. Èyí gan-an ló wọ̀ mí létí, torí mo mọ bí ọmọ yìí ṣe ń kàwé. TDB ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, kéèyàn kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n á bu omi tútù sínú bàsíà, wọ́n á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ kí oorun má bàa gbé wọn lọ. Wọ́n á da Nescafe sínú Coke. Wọ́n á run obì lé e. Ọmọ yìí ṣe é títí tí ara rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sùn. Nígbà tí ìdánwò parí tó wá ní kóun sùn, oorun ò dá a lóhùn. Aago méjì òru, ojú á là rekete. Ilẹ̀ mọ́, àkàrà gbígbóná wà níwájú ẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ máa ń fi àkàrà pamọ́ fún tẹ́lẹ̀!

Bí àbúrò mi ṣe dárúkọ Aro báyìí, Ìyá Ìjọ tó ń kọjá lọ fọwọ́ bo ẹnu. Àwa ará Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ wá. Ọmọ bá sọ ìsọkúsọ, a ní a ó gbé e lọ Aro. Àwọn ará Èkó ní tiwọn, Yábà lẹ́fù, nítorí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà láti 1907. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lo fi ṣẹ́, gbogbo àdúgbò á gbé ọsàn àti búrẹ́dì wá kí ọ. Tí wọ́n bá rí ọ lẹ́nu géètì Aro, ọ̀rọ̀ di ti ìdílé, wọ́n á máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ́ àbúrò ẹ bóyá wọ́n ti ṣèwádìí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ bíbí ìlú yìí ló sọ ibẹ̀ di ohun tí ayé ń wá wò. Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí níbí ní 1923, tó ka Baptist Boys' High School kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún ní 1954. Ilé ìwòsàn ò tíì parí. Kàkà kó dúró de bíríkìlà, ó ní kí àwọn aláìsàn gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí kan tẹ̀lé aláìsàn wá, kó máa sè fún un, kó máa wẹ̀ fún un. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sáàárín èèyàn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin yìí padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ẹ ò rí nǹkan? Agboolé ni Lambo fi ṣe oògùn. Àwa tá a ní agboolé lọ́fẹ̀ẹ́, a wá sọ tiwa di kóòtù.

Àbúrò mi ní ká pe ọmọ wá. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kó dùbúlẹ̀ kó dijú. Bàbá Tẹ́lọ̀ ní òun náà á ṣe é, kí ọmọ má bàa rò pé òun nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Má ṣe nǹkan kan sí i. Ṣáà kíyè sí i. Ṣó wúwo? Ṣó tutù?" Ó mú wọn gòkè díẹ̀díẹ̀: orúnkún, itan, ikùn. Kí wọ́n tó dé ìbàdí, Bàbá Tẹ́lọ̀ ti ń hanrun. Àbúrò mi ò bìkítà, ó ń bá ọmọ lọ: àyà, ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ láìmọ̀, èjìká. Ó ní kó mí sínú láti imú títí ikùn á fi gòkè, kó wá rọra mí síta, kí ti ìta pẹ́ ju ti inú lọ. Nígbà tí wọ́n dé àgbọ̀n, tó ní kó wò ó bóyá eyín òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, omi bọ́ lójú ọmọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ń di eyín. Ó ní ó dà bíi pé láti ọdún tó kọjá lòun ti di í.

Mo bi àbúrò mi pé iṣẹ́ wo ni ẹní lè ṣe tí abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ò ṣe. Ó ní ẹní ò wo àìsàn kankan. Ó ní bí ajá bá lé èèyàn, àyà á máa lù kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀, iṣan á le, ikùn á pa iṣẹ́ tì, torí àsìkò àmàlà kọ́ nìyẹn. Ajá á padà, ara á sì rọ̀. Ìdánwò àti owó iléèwé, ajá tí kì í padà ni. Ó sùn sẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, ara ò sì mọ̀ pé ìwé ni, eré ló rò pé wọ́n fẹ́ sá. Mímí síta gígùn yẹn ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó dúró ná. Àti pé, ó ní, ẹni tó bá ti mọ bí èjìká òun ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ara dá, yóò tètè mọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá dá. Kò ní dúró dìgbà tí téèpù bá sọ fún un.

Orí ẹní yẹn náà lọ̀rọ̀ ti jáde. Ọmọ ní kọ́ọ̀sì méjì tóun gbé sẹ́yìn, carry over, láti ọdún tó kọjá, òun ò sì rí ẹnu sọ ọ́. Bàbá ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, èyí tó ń lo iná, kó lè san owó iléèwé. Àwa ará ilé náà wá ń pè é ní Ẹnjiníà láti ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ ti jáde ní JAMB. Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀. Ẹnjiníà, iná yàrá wa ti kú, wá bá wa wò ó. Iṣẹ́ ilé àti afárá lọmọ ń kọ́, wáyà ò kàn án. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá ti ké Ẹnjiníà, nǹkan á lọ́ òun nínú. Bàbá Tẹ́lọ̀ ti jí nígbà yẹn. A rò pé á bínú. Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀rọ? A ṣì máa ra ẹ̀rọ."

Kí n tó gbàgbé, ìjọba àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba fi wà ní títì nítorí ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wà nílé, ó ń bá bàbá ẹ̀ gé ojú aṣọ, ó ń wo ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà ní yunifásítì àdáni lórí fóònù tí wọ́n ń wọ gáùnù. Nígbà tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn kíákíá. N ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi tán, owó oṣù wọn náà ò dáa. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Káńsẹ́lọ̀, ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, wà níléèwé ọmọ Bàbá Tẹ́lọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí ọmọ ti wọlé. Wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀, àmọ́ ta ló ń gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ń ya fọ́tò. Ọmọ padà síléèwé, ó lọ. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá pé òun fẹ́ lọ ṣe fotokọ́pì. Ó wọlé, ta ló bá lórí bẹ́ǹṣì? Ẹfíkò kíláàsì wọn, èyí tó ń gba A ní gbogbo kọ́ọ̀sì! Ìyẹn náà ní fáìlì lọ́wọ́, bóyá fotokọ́pì lòun náà wá ṣe. Wọ́n jókòó síbẹ̀, kálukú ń wo òrùlé. Káńsẹ́lọ̀ ò wàásù fún un, kò pe bàbá ẹ̀, kò kọ orúkọ ẹ̀ sára pátákó. Ó kọ́kọ́ bi í nípa oorun. Ó kọ lẹ́tà fún un lọ sí kílíníìkì iléèwé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dáadáa. Kò sí táífọ́ọ̀dì, kò sí màléríà. Wọ́n jọ pín kọ́ọ̀sì yẹn sí sáà méjì kó má bàa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ní kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun sùn di aago márùn-ún. Ó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù láti sọ ọ́, ìyá sì jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i, òwú tún ti tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ Ìyá Alákàrà kún un, torí ọ̀rọ̀ ara kan náà ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni ó wà. Ìyá Ìjọ ló sọ ọ́ ní Òrọ̀bọ̀ láti kékeré, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Bó bá wá fún họlidé, a kì í kí i kú ìrìn. "Hà, o tún ti sanra sí i!" Lóṣù mẹ́ta sí i: "Kí ló dé tó o rù báyìí, ta ló ń ṣe ọ́?" Ọmọ wá ra tíì kan lórí fóònù, èyí tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Kì í jẹun títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì fi bẹ́líìtì kan fún ìbàdí débi pé mímí ń nira. Lọ́jọ́ ìdánwò, tíì ṣiṣẹ́. Ó jáde nínú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kíní, ó jáde lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, olùṣọ́ ìdánwò tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ibẹ̀ ló kó ìdáhùn pamọ́ sí. A rẹ́rìn-ín nígbà tá a gbọ́. Nígbà tí ọmọ wá dákú lẹ́nu kànga, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi bá a sọ̀rọ̀, ó ní àìjẹun yẹn ti ń di àìsàn, àti ti ara àti ti ọkàn, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà. Àgbàlagbà mọ́kànlá ló wà nínú agboolé yìí, ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ ara ọmọ yẹn, sísanra àti rírù nìkan la sì ń rí.

Ìgbà kan ṣoṣo tí àbúrò mi ò bá mi ṣe àwàdà ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, torí náà n ò ní fi ṣàwàdà. Ó ní bí ọmọ bá ti ń lo ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ láìsùn, tí kò wẹ̀ mọ́, tó yẹra fún ọ̀rẹ́, tó ń fi ẹrù ẹ̀ tọrẹ, tó ń sọ pé ilé á rọgbọ bóun ò bá sí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú àtikú. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn, ṣe ló ń jẹ́ kó sọ ọ́. Kẹ́nì kan bá a lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó, ti Ifẹ̀, tàbí Aro wa níbí. Òfin náà ti yí padà: oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń jẹ́ Lunacy Act. Òfin tuntun yẹn ò gbà kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílé tàbí níbi iṣẹ́ torí àìsàn ọpọlọ. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Lándílọ́ọ̀dù. Ó ní ìjọba ò báun kọ́ ilé.

Ẹ̀yin tó ń kó gàárì àti ìrẹsì lọ fún ọmọ níléèwé lóṣù yìí, ẹ bi ọmọ yín pé níbo ni ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wá a kàn kí ẹ tó wọ mọ́tò padà. Ìyá Ìjọ, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe ọmọ ọlọ́mọ ní Òrọ̀bọ̀.